Ẹsẹ̀ Kan Nínú Sìmẹ́ńtì Tútù

Aṣọ nìkan ló kù nínú àpótí.

Lará kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbọn ìró. Ó gbọn bùbá. Ó gbọn aṣọ òtútù tí wọ́n rà ní Abígí. Kò sí kásẹ́ẹ̀tì kankan. Mẹ́rin ni wọ́n, ó sì ti so wọ́n pọ̀ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó fi ń gba ohùn sílẹ̀ náà ti lọ.

"Akínbọ́lá!" ó pe ọkọ rẹ̀. "Wá wo nǹkan!"

Ọkọ rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo àpótí. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Olè ti jà wá," ló wí.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni, ní oṣù kẹta ọdún 1995, ní Àgọ́-Ìwòyè. Tọkọtìyàwó náà kò tíì lò ju oṣù méjì lọ nínú ìlú. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá. Yunifásítì gbà wọ́n síṣẹ́ ọlọ́dún kan: Lará ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá, Akínbọ́lá ní yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe.

Kí wọ́n tó wọṣẹ́, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́wọ́. Wọ́n kó sínú mọ́tò ìjàpá wọn, wọ́n gba ọ̀nà etí omi lọ, láti Abígí dé Ìwòpin, títí dé etíkun. Ìgbafẹ́ ni, iṣẹ́ sì ni. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, Akínbọ́lá á tún rédíò àti ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe, àwọn ará ibẹ̀ á fún wọn ní yàrá àti ẹja. Lará á jókòó ti àwọn ìyá àgbà, á máa gba oríkì sílẹ̀.

Ní Mákùn-Òmi ló ti bá Màmá Ọmọ́títí pàdé. Ẹní ni ìyá náà ń hun, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rin. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ki ìdílé rẹ̀ fún Lará, láti orí ẹni tó kọ́kọ́ tukọ̀ dé ibẹ̀ títí dé orí ara rẹ̀. Akínbọ́lá jókòó síta. Ìyá náà kò kì í fún àlejò rí. Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin náà nìyẹn, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn láyé.

Sájẹ́ńtì Zipporah Olúsànyà dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ Òkè-Sópẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó ti ṣe ọlọ́pàá fún ogún ọdún. Kó tó wọ ilé tí olè ti jà, ó máa ń dúró níta, á di ojú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ó ń ronú ni. Àdúrà ló ń gbà, ọ̀kan náà sì ni nígbà gbogbo: Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí n mú ẹni tí kò ṣẹ̀.

Ó la ojú. Ó rí ẹsẹ̀.

Àtẹ̀gùn ilé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sìmẹ́ńtì. Ní àárín rẹ̀ ni ojú ẹsẹ̀ ọ̀tún kan wà. Ẹsẹ̀ lásán ni, kò sí bàtà níbẹ̀. Ìka márààrún hàn kedere. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ìka náà sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ó kọjú sí inú ilé.

"Àṣàkẹ́, káàárọ̀ o." Ìyá Abigail, onílé, ló ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ó mọ Sájẹ́ńtì láti kékeré. "Ìwọ náà wo ohun tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mi ṣe."

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ìgbà wo ni wọ́n dà á?"

"Lánàá. Bíríkìlà parí ní aago mẹ́wàá. Mo gbé pákó lé e lórí, kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé lè gbà á kọjá. Mo bá lọ sí Òrù, mo lọ kí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Nígbà tí mo padà ní aago mẹ́ta, sìmẹ́ńtì ti gan. Mo gbé pákó mi lọ sẹ́yìnkùlé. Ìgbà yẹn ni mo rí nǹkan burúkú yìí."

"Ta ló wà nílé nígbà tí ẹ gbé e?"

"Èmi àti Ọlọ́run. Nathaniel, ayálégbé mi, dé ní mẹ́rin. Àwọn ọmọ Ìbàdàn dé tẹ̀lé e."

"Ẹsẹ̀ lè rì nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán?"

"Nínú oòrùn yìí? Bíríkìlà ní tó bá fi di aago méjìlá, ewúrẹ́ gan-an kò lè fẹsẹ̀ kọ nǹkan sí i."

Sájẹ́ńtì ṣírò rẹ̀. Láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá.

Ó wọ yàrá tọkọtìyàwó náà. Lará jókòó sórí ibùsùn, ojú rẹ̀ wú. Akínbọ́lá dúró tì í. Ọmọkùnrin gíga ni, ó ní ojú rere. Ó wọ sílípáàsì, ó sì wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i. Òógùn ń já bọ́ lójú Sájẹ́ńtì.

"Ara rẹ ò yá ni?"

"Òtútù díẹ̀ ló mú mi, mà."

Sájẹ́ńtì lóṣòó ti àpótí. Àgádágodo rẹ̀ kò bàjẹ́. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe bá a lánàá, Lará? Ṣé ó wà ní títì?"

"Ó wà ní títì, mà. Kọ́kọ́rọ́ mi ni mo fi ṣí i." Ó fa okùn kan yọ lọ́rùn. "Kò kúrò lára mi rí."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó ló wà?"

"Méjì," Akínbọ́lá dáhùn. "Tèmi sọnù lójú ọ̀nà Abígí, níbi tí mo ti ń pààrọ̀ táyà."

"Ilẹ̀kùn yàrá ńkọ́?"

"Òkè férémù la máa ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí. Gbogbo ilé ló mọ̀."

"Ta lẹ fura sí?"

Akínbọ́lá mú ìdúró rẹ̀ le. "Sájẹ́ńtì, kí la ń yí i ká fún? Ẹsẹ̀ lásán ni. Wòlíì aláṣọ funfun kan ń gbé yàrá kejì, Nathaniel. Kì í wọ bàtà. Ó sì bá ìyàwó mi jà lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Kì í ṣe ìjà," Lará wí. "Wọ́n ní ìyìn òrìṣà ló pọ̀ nínú ohun tí mò ń kó jọ. Wọ́n ní kí n máa ṣọ́ra. Mo ní mo ti gbọ́."

"Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ má mọ̀ pé ó tutù," Sájẹ́ńtì wí.

"Báwo ni kò ṣe ní mọ̀? Tí pákó wà lórí rẹ̀ gbalaja! Ìwọ̀sí ló fẹ́ fi lọ̀ wá."

Sájẹ́ńtì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Ó rọra kọ ọ́.

"Níbo lo wà lánàá, Akínbọ́lá?"

"Yàrá ìwádìí, láti àárọ̀ títí di mẹ́rin. Èmi nìkan ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò wa wà níwájú ibẹ̀, ẹ béèrè."

"Òótọ́ ni, mà," Lará wí. "Mo rí mọ́tò náà ní gbogbo ìgbà tí mo kọjá. A jọ wá sílé ni."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ àgò níta. Obìnrin kan wọlé, aṣọ dúdú ló wọ̀, eruku ọ̀nà jíjìn bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lará dìde.

"Àǹtí Rẹ̀mí! Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò sí?" Ó yíjú sí Sájẹ́ńtì. "Àbíkẹ́yìn Màmá Ọmọ́títí nìyí, láti Mákùn-Òmi."

Rẹ̀mí kò jókòó. "Màmá ti lọ," ló wí. "Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Sátidé la máa sin ín."

"Kí ó tó dákẹ́, ó pè wá. Ó ní ká má wá ẹni tí yóò ki òun nígbà ìsìnkú. Ó ní, 'Ohùn mi wà lọ́wọ́ ọmọ Ìbàdàn yẹn. Òun ni kí ẹ fi gbé mi wọlẹ̀.' Ìdí tí mo fi wá nìyẹn, ọmọ mi. Gbé ẹ̀rọ rẹ, ká máa lọ. Tàbí kí o bá wa lọ́jọ́ Sátidé."

Akínbọ́lá ló bú sẹ́kún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Ó kú? Ó kú kẹ̀? Kò lè kú!" Ó di orí mú. Ẹkún náà pọ̀ débi pé Rẹ̀mí fúnra rẹ̀ tó ṣọ̀fọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú nínú.

Sájẹ́ńtì ń wò ó. Lará tó ní ìyá náà lọ́rẹ̀ẹ́ dúró bí igi. Ọkọ tó jókòó síta nígbà tí wọ́n ń ki oríkì náà ló ń yí nílẹ̀.

"Ẹ máa lọ, mà," ó sọ fún Rẹ̀mí. "Wọ́n ti jí ohùn màmá yín. Títí di ọ̀la ni mo ní láti fi wá a."

Ẹni tó kọ́kọ́ lọ bá ni Adéfọlá, olùkọ́ ní ẹ̀ka kan náà pẹ̀lú Lará. Ó ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé kó jẹ́ kóun ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà. Lará ní rárá. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì ọ̀nà sì rí i lẹ́nu ọ̀nà wọn lánàá.

"Mo wá," Adéfọlá jẹ́wọ́. "Ẹnu aago méjìlá ni. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo gba orí pákó wọlé, mo kan ilẹ̀kùn títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo bá gba orí pákó padà."

"Ojú ẹsẹ̀ inú sìmẹ́ńtì ńkọ́?"

"Ó ti wà níbẹ̀. Mo rò pé ọmọdé kan ló ń ṣeré."

"Ta lo mọ̀ nínú ilé náà?"

"Lará àti ọkọ rẹ̀. Àti onílé. Àwọn ló kọ́ mi ní kíláàsì kẹrin, ẹgba wọn ṣì ń dùn mí."

"Wòlíì ńkọ́?"

"Wòlíì wo?"

Sájẹ́ńtì wo bàtà rẹ̀. Adéfọlá rẹ́rìn-ín, ó bọ́ ọ, ó na ẹsẹ̀ síta. "Ẹ wọ̀n ọ́n. Èkó ni mo ti ń wá bàtà tó gbà mí. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti sọ mí ní Ọkọ̀-Ojú-Omi."

Ẹsẹ̀ náà fi ìwọ̀n ìka mẹ́ta gùn ju ti inú sìmẹ́ńtì lọ.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, Sájẹ́ńtì ti padà sí àtẹ̀gùn. Èrò ti pé. Ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Àwọn géńdé méjì ń pariwo pé kí wòlíì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ládùúgbò.

Nathaniel Bùsúyì dé. Ọkùnrin kúkúrú tó lé ní àádọ́ta ọdún ni. Lẹ́búlẹ́bú pákó bo fìlà orí rẹ̀. Bàtà tó wọ̀ nípọn, ó dé ojúgun, irin wà nímú rẹ̀.

Ariwo rọlẹ̀. Sájẹ́ńtì wo bàtà náà títí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ kì í wọ bàtà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Nathaniel bọ́ fìlà, ó gbọ̀n ọ́n. "Ẹni tó bá wọ sùtánà ni kì í wọ bàtà. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìlagi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ayùn ńlá ni mò ń ti igi bọ̀. Ṣé kí n wá fi ẹsẹ̀ lásán dúró tì í? Mo ṣì nílò ìka ẹsẹ̀ mi, mo fẹ́ fi jó nígbà ìkórè."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú èrò.

"Lánàá ńkọ́?"

"Mo wà nídìí ayùn láti aago méje. Tí mo bá kúrò níbẹ̀, ayùn á dúró. Gbogbo ilé ìlagi ló máa gbọ́ pé ó dúró."

"Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fẹjú bí abẹ̀bẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Kò jọ ẹsẹ̀ inú sìmẹ́ńtì rárá.

Sájẹ́ńtì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ta ló mọ irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe nínú ilé yìí?"

"Onílé. Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń gbé. Àwọn ni wọ́n ra bàtà yìí fún mi nígbà tí igi bọ́ lù mí lẹ́sẹ̀."

"Tọkọtìyàwó yìí ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ yẹn? Mo ti máa ń lọ kí wọ́n tó jí. Nígbà tí wọ́n bá fi dé, mo ti wẹ̀, mo ti wọ sùtánà, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bóyá wọ́n rò pé wòlíì nìkan ni mò ń ṣe, pé ẹyẹ ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi."

Ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ńtì lọ́kọ sí ìjọ aláṣọ funfun. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ.

Síbẹ̀, ní àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìlagi náà. Máníjà jẹ́rìí: ayùn kò dúró ní Ọjọ́rú. Ọ̀rọ̀ tán. Ó ń padà bọ̀ nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì lẹ́búlẹ́bú pákó. Òkìtì náà ga bí ilé. Iná wà nínú rẹ̀ tọ̀sán tòru, láti oṣù dé oṣù, èéfín nìkan làá rí. Obìnrin kan ń fi ṣọ́bìrì kó èyí tí kò tíì jó sínú àpò.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá."

"Ẹ ṣeun o, ọlọ́pàá. Mi ò jí i o, wọ́n ní kí n máa kó o." Asimawu lorúkọ rẹ̀. "Àwọn èèyàn ni kí ẹ mú, tí wọ́n ń da pàǹtírí sínú iná wa. Rọ́bà tí wọ́n ń dà sí i ń dí mi lọ́fun. Ẹnì kan tún wá ní Ọjọ́rú."

Sájẹ́ńtì dúró. "Irú èèyàn wo?"

"Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni. Ó ga, ó múra bí ọ̀gá. Ọ̀kadà ló gbé e wá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ó ju àpò kan sínú iná. Mo ní, 'Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé?' Kò dá mi lóhùn. Ó ń tiro."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ti ọ̀tún. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí òkúta wà nínú bàtà rẹ̀."

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló jó?"

Asimawu wọ inú àtíbàbà rẹ̀. Ó gbé agolo kan jáde, ó da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Irin ẹ̀rọ kékeré kan ni, ó ti dúdú. Rọ́bà tó yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Tẹ́ẹ̀pù kásẹ́ẹ̀tì ti gbẹ mọ́ ara rọ́bà náà bí irun tó jóná.

Sájẹ́ńtì fi ìka kàn án. Ó tú sí lẹ́búlẹ́bú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó pe wọ́n jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: Lará, Akínbọ́lá, Ìyá Abigail, Nathaniel àti Adéfọlá. Akínbọ́lá ṣì wọ ìbọ̀sẹ̀.

"Mo rò ó báyìí," Sájẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀. "Pákó wà lórí sìmẹ́ńtì. Adéfọlá gbà á wọlé, ó gbà á jáde. Olè tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun, kí ló máa wá nínú sìmẹ́ńtì tútù? Kò ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ ká rí i ni. Ó fẹ́ ká sọ pé, ẹsẹ̀ lásán, aláṣọ funfun ni."

"Ohun tí mo wí nìyẹn," Akínbọ́lá wí.

"Ohun tí o wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣẹ́ ni Ọjọ́rú, bàtà onírin ni bàbá yìí wọ̀ jáde. Ta ni ò mọ̀? Màmá onílé ló ra bàtà náà. Adéfọlá kò mọ̀ pé wòlíì kan wà nílé yìí. Ẹni tó ṣe é mọ̀ ọ́n nínú sùtánà nìkan, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rìn láti Sọ́ńdè dé Sátidé. Ẹni méjì péré ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí."

Lará gbé ojú sókè.

"Lará wà ní kíláàsì títí di ọ̀sán, ọgbọ̀n akẹ́kọ̀ọ́ ló ń wò ó. Akínbọ́lá, o ní o kò kúrò ní yàrá ìwádìí títí di mẹ́rin. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi ní àná pé pákó wà lórí sìmẹ́ńtì. Màmá ti gbé pákó yẹn lọ sẹ́yìnkùlé ní aago mẹ́ta. Níbo lo ti rí i?"

Akínbọ́lá ṣí ẹnu. "Ìyá Abigail... àwọn ni wọ́n sọ fún mi."

"Èmi kọ́ o," onílé wí. "Láti Ọjọ́rú, ìwọ kò jẹ́ ká rí ojú ẹ ká bá ẹ sọ̀rọ̀."

"Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ," Sájẹ́ńtì wí.

"Mo ní òtútù mú mi, mà."

Lará ló kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fa ìbọ̀sẹ̀ ọ̀tún náà yọ.

Àtẹ́lẹsẹ̀ náà ti pupa, ó ti sán, awọ ń ṣí láàárín ìka. Sìmẹ́ńtì tútù ti jẹ ẹ́. Lará gbé ojú láti ibẹ̀ lọ sí àtẹ̀gùn, ó gbé e padà. Kò ní kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n.

Sájẹ́ńtì gbé agolo Asimawu sílẹ̀ láàárín wọn. Akínbọ́lá rí ohun tó wà nínú rẹ̀, èjìká rẹ̀ sì rọ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ mi ò sọnù," ló wí. "Mo fi mọ́tò sílẹ̀ kí wọ́n lè rò pé mo wà níbẹ̀, mo gun ọ̀kadà wá. Jíjí nìkan ni mo ní lọ́kàn. Ìgbà tí mo rí sìmẹ́ńtì yẹn lèrò wòlíì wá sí mi. Mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀ ẹ́, mo gba orí pákó wọlé. Mo nu ẹsẹ̀, mo wọ bàtà padà. Lójú ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Ìjẹ̀bú-Igbó lo lọ?" Sájẹ́ńtì bi í.

"Ibẹ̀ ni mo ti ra pákó tí mo fi ṣe àpótí ìwé fún un nígbà tá a kó dé. Mo mọ iná yẹn."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?" Lará béèrè. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Lójú ọ̀nà etí omi, èmi ni Ẹnjiníà. Wọ́n ń dúró dè mí pẹ̀lú rédíò wọn. Ìwọ náà ń rẹ́rìn-ín sí mi. Láti ìgbà tá a dé Mákùn-Òmi, ìyá yẹn ní kí n jókòó síta. Ọjọ́ méjì, nínú oòrùn! A dé ibí, mo di ọkọ Lará. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wàá ki ẹ̀rọ bọ etí, wàá máa gbọ́ ohùn rẹ̀, èmi á máa sọ̀rọ̀, o ò ní gbọ́. Wọ́n ní tó o bá parí iṣẹ́ náà, wọ́n á gbà ẹ́ síṣẹ́ títí ayé. Tèmi máa parí lóṣù Kejìlá. Mo fẹ́ ká padà sí Ìbàdàn."

"O lè sọ fún mi."

"Mo sọ ọ́! Ẹ̀rọ wà létí ẹ." Ó nu imú. "Mo rò pé a tún máa padà lọ. Pé tó bá yá, tí ọkàn ẹ bá ti kúrò níbí, a máa jọ lọ, ìyá náà á tún kì í. Ó wà láàyè nígbà yẹn, lójú mi, ó wà láàyè. Mi ò mọ̀ pé ó ti kú láti àná rẹ̀. Ọlọ́run ló mọ̀, Lará, mi ò mọ̀."

Nathaniel mi orí. "Ẹ̀mí mi lo fẹ́ fi dí i. Àwọn ọmọkùnrin yẹn ìbá ti lù mí pa ní àná."

Sájẹ́ńtì yíjú sí Lará. "Ìwọ lo fẹjọ́ sùn. Kí ni kí n ṣe?"

Lará dìde. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀. "Ẹ máa mú un lọ, mà," ló wí, ó sì wọlé.

Ní àárọ̀ Sátidé, òun nìkan ló wa mọ́tò ìjàpá náà gba Abígí lọ. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté. Ó dé Mákùn-Òmi nígbà tí wọ́n ti gbé pósí dé etí sàréè. Àwọn ọmọ ìyá náà mẹ́fà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ. Wọ́n ti gbé tábìlì kékeré kan sílẹ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e, fún ẹ̀rọ rẹ̀.

Lará kúnlẹ̀ sínú yanrìn. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò fi ọ̀kankan pamọ́, kò sì pè é ní olè, ó ní, "Ọkọ mi ni."

"Èyí tó kù sínú orí rẹ ńkọ́?" Rẹ̀mí béèrè. "Kì í, ká gbọ́."

Lará dìde. Ó bẹ̀rẹ̀:

"Ọmọ́títí, ọmọ ẹlẹ́ní òrè tí í tẹ́ rẹrẹ,
Ọmọ a-tukọ̀-wọ̀gbì-má-bojúwẹ̀yìn,
Ọmọ omi yílé ká, omi ò wọ yàrá..."

Ó dúró. Ó gbé ojú sókè ọ̀run, ó wá ìlà tó kàn. Kò rí i. Ó wo àwọn ọmọ olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àgbà inú wọn ń wo yanrìn. Ẹnì kan húkọ́.

"Má wò wá," Rẹ̀mí wí níkẹyìn. Omijé ti dé ọrùn rẹ̀. "Ọdún mélòó ni màmá fi ń pè wá pé ká wá jókòó? Èkó ni ẹ̀gbọ́n mi wà. Ọjà ni mo wà. Ìwọ nìkan lo jókòó."

Àlùfáà dúró díẹ̀ sí i. Ó mi orí sí àwọn tó mú ṣọ́bìrì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn.